Ewé Kọ́ Ló Pa Kírénè

Òǹkàwé wa kan kọ̀wé pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Láti kékeré la ti ń gbọ́ orúkọ Símónì ará Kírénè ní gbogbo Gúúdù Fúráídè, àmọ́ n kò mọ̀ pé ìlú àwọn Gíríìkì ni Kírénè, àti pé ilẹ̀ Áfíríkà níbí ló wà, àfi ìgbà tí mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìpẹ́ yìí. Ibi tí mo ti kà á ní ewé kan ṣoṣo ló sọ ìlú náà di olówó, pé nígbà tí ewé náà tán, ìlú náà tán. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀."

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Rárá, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Ìtàn ewé yẹn dùn létí, ìdí nìyẹn tó fi ń tàn kálẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ewé náà tán, Kírénè ò tán. Ìlú náà tún lo bí 300 ọdún kó tó di ahoro. Àrùn tó pa á ti wà lára rẹ̀ láti ayé ọmọ-ọmọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó: ìjà ilẹ̀, àti àríyànjiyàn lórí ta ni onílé, ta ni àtọ̀húnrìnwá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn ìlú yìí, ó sì máa ń dùn mí tí wọ́n bá fi gbólóhùn kan ṣoṣo pa gbogbo rẹ̀ dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó wà. Ìlà-oòrùn Líbíyà ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú tí wọ́n ń pè ní Shahhat lónìí, lórí òkè tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Jebel Akhdar, ìyẹn Òkè Aláwọ̀ Ewé. Tí a bá ti dárúkọ Líbíyà, yanrìn aṣálẹ̀ ló máa ń wá síni lọ́kàn. Ẹ gbé ìyẹn kúrò. Òkè náà ga tó nǹkan bí 600 mítà, ìkùukùu tó ń ti orí òkun bọ̀ ń kọ lù ú, òjò sì ń rọ̀ síbẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá, omi sì ń sun jáde láti inú àpáta. Ọ̀rọ̀ omi ni gbogbo ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní erékùṣù Thera, tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ mọ̀ sí Santorini nísinsìnyí, ọ̀dá dá fún ọdún méje gbáko. Herodotus, òpìtàn Gíríìkì tó kọ ìtàn náà sílẹ̀ ní bí 200 ọdún lẹ́yìn náà, ní gbogbo igi erékùṣù náà ló kú àfi ẹyọ kan. Òrìṣà Apollo ti gba ẹnu abọrẹ̀ rẹ̀ ní Delphi sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n lọ tẹ ìlú dó ní Líbíyà, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ibi tí Líbíyà wà, wọ́n bá dákẹ́. Ìgbà tí ebi wọlé ni wọ́n rántí. Wọ́n ṣẹ́ kèké: ilé tí ọmọkùnrin méjì bá wà, ọ̀kan á lọ. Ọkọ̀ méjì péré ni wọ́n wọ̀, ọkọ̀ alájẹ̀ àádọ́ta. Battus ni olórí wọn. Akólòlò ni ọkùnrin yìí. Nítorí ohùn rẹ̀ ló ṣe lọ bẹ Apollo, àmọ́ Apollo ò sọ nǹkan kan lórí ohùn. Líbíyà ló ní kó lọ.

Ibi tó máa ń ká mi lára jù nínú ìtàn náà ni ìgbà tí wọ́n fẹ́ padà sílé. Àwọn ará ilé wọn tò sí etíkun, wọ́n ń sọ òkò lù wọ́n, wọn ò jẹ́ kí wọ́n gúnlẹ̀. Àwọn ọmọ tí ilé kọ̀ ló dá Kírénè sílẹ̀.

Wọ́n gbé erékùṣù kékeré kan lẹ́bàá Líbíyà fún ọdún méjì, nǹkan ò dára. Wọ́n bọ́ sórí ilẹ̀, wọ́n tún lo ọdún mẹ́fà níbì kan tó ń jẹ́ Aziris. Ibẹ̀ ni àwọn Líbíyà, àwọn onílẹ̀, ti wá bá wọn pé àwọn á mú wọn lọ síbi tó sàn ju ibẹ̀ lọ. Wọ́n ṣírò wákàtí ìrìn náà débi pé òru ni wọ́n gba Irasa kọjá, ibi tí ilẹ̀ ti dára jù lọ, kí àwọn àlejò má baà rí i. Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ìsun omi kan lórí òkè, àwọn Líbíyà ní ibí ló yẹ kí ẹ máa gbé, torí ibí ni ojú ọ̀run ti lu. Nǹkan bí ọdún 631 ṣáájú ìbí Kristi nìyẹn.

Ẹ fi èyí sọ́kàn o: àwọn Líbíyà ló fi ibẹ̀ hàn wọ́n. Ọkùnrin ló wọkọ̀ wá láti Thera, obìnrin Líbíyà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ṣe aya. Herodotus kíyè sí i pé àwọn obìnrin Kírénè kì í jẹ ẹran abo màlúù, bíi ti àwọn Líbíyà gan-an. Èèwọ̀ ilé ìyá ni wọ́n gbé wọ ilé ọkọ. Ó tún ní ọwọ́ àwọn Líbíyà ni àwọn Gíríìkì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ẹṣin mẹ́rin mọ́ kẹ̀kẹ́ kan. Kódà, ó ní Battus tí à ń pè yìí, "ọba" ló túmọ̀ sí lédè Líbíyà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìlú Gíríìkì pọ́ńbélé ni Kírénè, ẹ rọra gbà á gbọ́.

Owó wọn wá ńkọ́? Oúnjẹ ni ìdí rẹ̀. Òkè náà sọ̀ kalẹ̀ sí òkun ní ìpele mẹ́ta. Ọkà etíkun ló kọ́kọ́ ń gbó, wọ́n á kó o. Bí wọ́n bá ṣe ń kó ti etíkun wọlé tán, ti àárín òkè á ti gbó. Wọ́n á mú ti àárín, ti òkè téńté á tún ti ń dúró dè wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá fi máa kó ti òkè wọlé, wọ́n á ti jẹ ti àkọ́kọ́ tán, wọ́n á sì ti mu ọtí rẹ̀ tán. Oṣù mẹ́jọ ni ìkórè fi ń gbà wọ́n lọ́wọ́ lọ́dún. Ẹni tó bá ti dá oko rí á mọ irú ọlà tó wà nínú gbólóhùn yẹn.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára òkúta. Ní nǹkan bí ọdún 330 sí 325 ṣáájú ìbí Kristi, ìyàn mú ní ilẹ̀ Gíríìsì, Kírénè sì fi ọkà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ìlú. Wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn tó gbà á àti iye tí wọ́n gbà sára òkúta tí wọ́n hú jáde níbẹ̀. Bí a bá ro ó pọ̀, ó lé ní 800,000 òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní medimnos, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì tó bí 50 lítà. Áténì nìkan gba 100,000. Olympias, ìyá Alexander Ńlá, wà nínú àwọn tó gbà. Ewé kò lè ṣe èyí.

Mi ò sọ pé ewé náà kì í ṣe nǹkan. Silphium lorúkọ rẹ̀. Igi rẹ̀ sanra, wọ́n ń sè é jẹ. Ewé rẹ̀ ń mú àgùntàn sanra. Oje rẹ̀ ni owó wà, nítorí wọ́n ń fi í sínú ọbẹ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe oògùn oríṣiríṣi àìsàn. Inú igbó ilẹ̀ náà nìkan ló ti ń hù, wọ́n gbìn ín títí, kò gbà. Pliny ará Róòmù kọ ọ́ pé bí àgùntàn bá jẹ ẹ́, oorun á gbé e lọ, bí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́, á máa sín. Kírénè ya ewéko yìí sára owó fàdákà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹni ń sọ pé èmi nìyí.

Abọ́ ìmutí kan wà ní Paris tí mo máa fẹ́ kí ẹ wá àwòrán rẹ̀ wò. Sparta ni wọ́n ti mọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 560 ṣáájú ìbí Kristi, Ítálì ni wọ́n sì ti hú u jáde. Ọba Arcesilaus ti Kírénè ló wà nínú rẹ̀: ó jókòó sórí àpótí, ó dé fìlà etí fẹ̀ǹfẹ̀, ó mú ọ̀pá àṣẹ dání, irun rẹ̀ gùn dé ẹ̀yìn, ẹranko kan tó jọ àmọ̀tẹ́kùn sì lúgọ sábẹ́ àpótí rẹ̀. Wọ́n so òṣùwọ̀n ńlá kan rọ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wọn ẹrù, ọ̀kan ń nawọ́ sí ọba bí ẹni ń ka iye fún un. Nísàlẹ̀, àwọn mìíràn ń gbé àpò ru sínú àká. Ọ̀bọ jókòó sókè, ẹyẹ ń fò. Ohun tó wà nínú àpò yẹn ni àwọn onímọ̀ ń jà lé lórí: àwọn kan ní silphium ni, àwọn kan ní irun àgùntàn ni. Èmi gbà pé ohun tó yẹ ká wò níbẹ̀ ni ọba fúnra rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe jókòó ti òṣùwọ̀n. Ohun gbogbo tó ń jáde ní ìlú, ojú rẹ̀ ló ń ṣe.

Inú ayé ọba wọ̀nyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Battus Kejì, ọmọ-ọmọ akólòlò, fẹ́ kí ìlú tóbi. Ìkéde jáde láti Delphi pé kí Gíríìkì gbogbo wá gba ilẹ̀ ní Líbíyà, pé ẹni tó bá pẹ́ dé lẹ́yìn tí wọ́n bá pín in tán á kábàámọ̀. Wọ́n rọ́ wá. Ilẹ̀ ta ni wọ́n ń pín? Ilẹ̀ àwọn Líbíyà tó mú wọn débẹ̀. Adicran, ọba Líbíyà, ránṣẹ́ sí Apries, Fáráò Íjíbítì, pé kó gba òun. Àwọn ọmọ ogun Íjíbítì wá, ní nǹkan bí ọdún 570, wọ́n sì pàdé Kírénè lójú ogun. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti jà? Irasa. Irasa kan náà tí àwọn Líbíyà fi òru bò mọ́lẹ̀. Kírénè ṣẹ́gun, ìṣẹ́gun náà sì gbóná débi pé àwọn ará Íjíbítì ṣọ̀tẹ̀ sí Apries, ó pàdánù ìtẹ́ rẹ̀.

Ogun ìta ni wọ́n ṣẹ́ yẹn, ti inú ilé ló kù. Arcesilaus Kejì bá àwọn àbúrò rẹ̀ jà, àwọn àbúrò bínú jáde, wọ́n dá ìlú Barca sílẹ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì ti àwọn Líbíyà lẹ́yìn kí wọ́n yapa. Arcesilaus gbógun ti àwọn Líbíyà náà, ó lé wọn lọ, ó sì pàdánù 7,000 ọmọ ogun ìlú rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tirẹ̀ ló fún un lọ́rùn pa. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Wọ́n wá ṣe ohun kan tí mo bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n ránṣẹ́ lọ mú alálàjà láti òkèèrè, Demonax ará Mantinea, kó bá wọn tún ìlú ṣe. Ó pín àwọn ará ìlú sí agbo mẹ́ta: àwọn ọmọ Thera pẹ̀lú àwọn aládùúgbò tó yí wọn ká, àwọn tó ti Peloponnese àti Crete wá, àti àwọn ará erékùṣù yòókù. Ó fi ilẹ̀ ọba àti iṣẹ́ àlùfáà sílẹ̀ fún ọba, ó kó agbára yòókù lé àwọn ará ìlú lọ́wọ́. Àlejò ọjọ́sí àti ọmọ onílé wá ní ibi ìjókòó kan náà. Ká ní wọ́n dì í mú ni! Ọmọ ọba tó kàn, Arcesilaus Kẹta, ní òun ò gbà, òun fẹ́ gbogbo agbára àwọn baba ńlá òun padà. Ó gba agbára náà, ó sì dáná sun àwọn alátakò rẹ̀ mọ́ inú ilé ìṣọ́ kan. Barca ni wọ́n ti pa á. Pheretime, ìyá rẹ̀, ló lọ bẹ gómìnà Páṣíà ní Íjíbítì fún ọmọ ogun, wọ́n dó ti Barca fún oṣù mẹ́sàn-án, nígbà tí wọ́n sì wọlé, ó kan àwọn tó lọ́wọ́ sí ikú ọmọ rẹ̀ mọ́ ọ̀pá yí odi ìlú ká. Ìlú àbúrò ni Barca o. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 440, wọ́n ti pa ọba tó kẹ́yìn, ìdílé Battus sì kúrò lórí oyè lẹ́yìn ọba mẹ́jọ.

Ìjọba àwọn ará ìlú ló tẹ̀ lé e, wọ́n sì ṣe dáadáa. Àsìkò náà ni ọkà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan jáde. Ṣùgbọ́n olówó àti mẹ̀kúnnù ò yé wọ̀yá ìjà, nígbà tí ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Thibron sì wá gbógun tì wọ́n lẹ́yìn ikú Alexander, àwọn olówó sá lọ bá Ptolemy, ọ̀gágun Alexander tó ń ṣàkóso Íjíbítì. Ptolemy wá bá wọn parí ìjà, kò sì lọ mọ́. Ọdún 322 nìyẹn. Òfin tó ṣe fún wọn ṣì wà lára òkúta: 10,000 ọkùnrin tó ní dúkìá ni wọ́n máa ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ní kíkún. Òfin náà tún ka ọmọ tí ará Kírénè bí fún obìnrin Líbíyà láàárín ààlà ilẹ̀ wọn mọ́ ọmọ ìlú. Inú mi máa ń dùn sí ìlà yẹn nígbàkúùgbà tí mo bá kà á. Àwọn tó ṣẹ́ kù sẹ́yìn ìlà yẹn ló wá di wàhálà lẹ́yìn-ọ̀la.

Láti ìgbà náà, ohun tó dára ní Kírénè ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Alexandria. Eratosthenes, ẹni tó wo òjìji oòrùn tó fi ṣírò bí ayé ṣe tóbi tó, ọmọ Kírénè ni. Ilé ìkàwé Alexandria ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú. Ní ọdún 96 ṣáájú ìbí Kristi, Ptolemy Apion, ọba tó kẹ́yìn níbẹ̀, kú láìbímọ, ó sì fi gbogbo ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún Róòmù nínú ìwé ìhágún, bí ẹni fi agbádá sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́.

Abẹ́ Róòmù ni ewé náà ti tán. Pliny ní àwọn tó háyà ilẹ̀ ìjẹko lọ́wọ́ ìjọba rí i pé èrè àgùntàn yá ju ti oje lọ, wọ́n bá da ẹran sínú rẹ̀. Nígbà tí Julius Caesar ṣí àpò ìṣúra Róòmù ní ọdún 49 ṣáájú ìbí Kristi, ó bá oje rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú wúrà àti fàdákà, 1,500 pọ́n-ùn ní ìwọ̀n Róòmù. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ẹyọ igi kan ṣoṣo ni wọ́n rí, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Nero, olú-ọba Róòmù. Àdánù ńlá ni. Àmọ́ àlìkámà ṣì ń hù, ẹṣin ṣì wà, wọ́n sì ń kọ́lé.

Símónì yín dé wàyí. Àwọn Ptolemy ló kó àwọn Júù wá sí Kírénè láti bá wọn ṣọ́ ilẹ̀ náà, wọ́n sì bí sí i. Strabo, Gíríìkì kan tó kọ̀wé nípa àwọn ilẹ̀ ayé, kọ ọ́ pé oríṣi èèyàn mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ọmọ ìlú, àgbẹ̀, àlejò tó ń gbé ìlú, àti Júù. Nígbà ayé Jésù, àwọn Júù Kírénè pọ̀ débi pé wọ́n ní sínágọ́gù ní Jerúsálẹ́mù, ẹ máa rí i nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Ẹ tún wo ohun tí Máàkù sọ nípa Símónì: bàbá Alẹkisáńdérù àti Rúfù ni. Bàbá ń jẹ́ orúkọ Júù, ọmọ kan ń jẹ́ orúkọ Gíríìkì, ìkejì ń jẹ́ orúkọ Róòmù. Inú orúkọ ilé kan ṣoṣo yẹn, gbogbo Kírénè ló pé síbẹ̀. Àwọn kan máa ń bi mí bóyá èèyàn dúdú ni. Bíbélì ò sọ àwọ̀ rẹ̀. Pé ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá, ìyẹn dájú.

Ní ọdún 73 lẹ́yìn ìbí Kristi, ahunṣọ kan tó ń jẹ́ Jónátánì kó àwọn Júù aláìní lọ sí aṣálẹ̀, ó ní wọ́n máa rí iṣẹ́ àmì. Gómìnà Róòmù fọ́n wọn ká. Kò tán síbẹ̀: ó fi ọ̀rọ̀ náà kẹ́wọ́, ó pa 3,000 Júù tó rí jájẹ, ó sì gba dúkìá wọn fún ìjọba. Josephus, òpìtàn Júù, ló kọ iye yẹn sílẹ̀. Ẹ ronú sí i: àwọn tó ní nǹkan tí wọ́n lè pàdánù, àwọn tó lè pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀, gan-an ni wọ́n pa. Ní ọdún 115, àwọn ọmọ àwọn tó ṣẹ́ kù dìde. Wọ́n dáná sun tẹ́ńpìlì, wọ́n fọ́ ilé ìwẹ̀, wọ́n hú ojú ọ̀nà tó lọ sí èbúté. Tẹ́ńpìlì Zeus, tó tóbi ju Parthenon ti Áténì lọ, wó lulẹ̀. Wọ́n pa aládùúgbò wọn, ọmọ ogun Róòmù sì wá pa àwọn náà, títí di 117. Mi ò ní dárúkọ iye òkú tí àwọn òpìtàn ìgbà náà kọ, torí mo rí i pé àsọdùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ṣófo débi pé Róòmù ní láti kó 3,000 àgbà ọmọ ogun wá síbẹ̀ kó lè ní olùgbé.

Bí ẹ bá ní kí n fi ìka tọ́ ọjọ́ tí egungun ẹ̀yìn Kírénè ṣẹ́, ibẹ̀ ni màá fi tọ́. Olú-ọba Hadrian tún ìlú kọ́, ó tún ọ̀nà ṣe, a sì ṣì ń rí òkúta tó gbẹ́ ìdí rẹ̀ sí: nítorí rògbòdìyàn àwọn Júù. Ilé dìde. Àwọn ènìyàn tó kún inú rẹ̀ ò dìde. Ìsẹ̀lẹ̀ dé ní nǹkan bí ọdún 262, òmíràn tún dé ní 365, àwọn ẹ̀yà aṣálẹ̀ sì ń ya wọ oko wọn láàárín méjèèjì. Ìlú tó ní ọmọ tó pọ̀ á hú àlàpà kúrò, á tún un mọ. Kírénè ò ní wọn mọ́. Òpìtàn Róòmù kan, Ammianus, pè é ní ìlú àtijọ́ tó ti dahoro.

Ọmọ rẹ̀ tó kẹ́yìn tí a mọ̀ dáadáa ni Synesius, ẹni tó di bíṣọ́ọ̀bù Ptolemais, ìlú etíkun kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 400, ó ti lọ sí Constantinople lọ bẹ olú-ọba kó dín owó orí wọn kù. Nígbà tí ogun àwọn ará aṣálẹ̀ ká a mọ́, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí mi ò lè kà láìdúró díẹ̀. Ó ní lára òkúta ìlú ni wọ́n gbẹ́ ìran òun sí, láti orí akọni Heracles wá dé orí bàbá òun. Ó wá dárò àwọn ibojì àwọn baba ńlá rẹ̀, níbi tí òun ò ní rí ààyè sùn.

Àwọn ibojì náà ṣì wà, wọ́n gbẹ́ wọn sínú àpáta, wọ́n tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté. UNESCO kọ orúkọ ibẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 1982, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu ní 2016. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, nígbà tí ìjì Daniel rọ́ lu Líbíyà, òjò rọ̀ sórí òkè náà títí omi fi ya wọ inú àlàpà.